Mo Yan Ọkọ̀ Òkun Tí Ìròyìn Kò Ní Bá Màámi Níbẹ̀

Ẹ má tíì káàánú mi. Ẹ kà á tán ná, lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ èyí tó bá wà lọ́kàn yín.

Zulaihat ni orúkọ mi. Híjáàbù àti jàlábíà ni mò ń rán, ṣọ́ọ̀bù mi kò sì jìnnà sí Ọjà Ọba ní Ọ̀wọ̀. Mo ti wà nílé ọkọ rí, ilé náà tú, mo sì padà sọ́dọ̀ màámi. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, àwa méjèèjì la jọ ń gbé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Abdulmumin, ń gbé ní Durban, ní South Africa. Lọ́dún tó kọjá ló pè mí.

"Zulai, mo fẹ́ gbé Màámi wọ ọkọ̀ òkun. Èmi, ìwọ, àti àwọn. Ìgbafẹ́ lásán ni o. Wọn ò fojú rí òkun rí láyé wọn."

"Ọkọ̀ òkun báwo?"

"Èyí tí wọ́n ń sùn nínú ẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì tó ń rìn lórí omi ni. Ilé-iṣẹ́ méjì ló ní irú ẹ̀ níbí. Ìwọ lo mọ ohun tí Màámi lè jẹ àti ohun tí ara wọn gbà. Yan èyí tó bá dára fún wọn, èmi á sanwó."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó ní kí n yan nǹkan kan fún ẹbí wa rí. Wọ́n yan ilé-ìwé fún mi, wọ́n yan iṣẹ́ fún mi, kódà ọkọ tí mo fẹ́, àwọn àgbà ló mú un wá. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ oníbàárà.

Cecilia tó ń ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló gbóòórùn aṣọ tó ń jó, ló sáré wọlé. Mo sọ fún un. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Àwọn aláṣọ ń pè mí ní Ìyá Ọlọ́kọ̀ Òkun, èmi náà ń dá wọn lóhùn. Ẹ ò rí i pé mo ti wọ̀ ọ́ dé ọrùn kí n tó mọ ohunkóhun.

Mo lọ bá Ṣèyíọlá, obìnrin tó ń bá èèyàn ṣètò físà àti tíkẹ́ẹ̀tì nítòsí ọgbà pólì. Lọ́jọ́ tí físà wa jáde, ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi.

"Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ yìí kì í jìnnà sí etí òkun. Bó bá rìn díẹ̀, á dúró ní èbúté, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó na ẹsẹ̀. Ilé ìdáná wọn á se oúnjẹ hàlálì bí ẹ bá sọ fún wọn ṣáájú. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà lójú ọ̀nà. Ìparí oṣù ló máa gbéra."

"Èkejì ńkọ́?"

"Èkejì tóbi jù ú lọ, ó sì rẹwà lójú. Ṣùgbọ́n àárín agbami ló máa gbà lọ sí erékùṣù kan. Ẹ máa pẹ́ kí ẹ tó rí ilẹ̀. Kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, àfi kí ẹ ra wáìfáì ọkọ̀, ìyẹn sì wọ́n bí ojú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí ló ń lọ. Fún àgbàlagbà tó ń wọ ọkọ̀ òkun fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi ò ní yàn án."

Mo bi í léèrè bóyá àtẹ̀gùn pọ̀ nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́. Mo bi í bóyá àyè wà láti tẹ́ ẹní ìkírun. Mo bi í bóyá omi àlùwàlá kò ní tutù jù fún eegun Màámi. Ó rẹ́rìn-ín, ó dáhùn gbogbo rẹ̀.

Mo yan àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní lọ́jọ́ Jímọ̀ òun á sanwó. Bí mo bá dúró síbẹ̀ ni, n kì bá tí máa sọ̀rọ̀ níwájú yín lónìí.

Ọjọ́ kejì ni Raheem pè mí láti Ìdóàní.

Ọmọ Ìyá Ìdóàní ni Raheem. Ìyá Ìdóàní yìí ni àbúrò kan ṣoṣo tó kù fún màámi láyé. Ṣẹ̀fíátù ni orúkọ wọn, Ìdóàní ni wọ́n relé ọkọ sí, ìyẹn la fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

"Àǹtí Zulai, ara Ìyá ò yá o. Wọn ò lè dìde mọ́. Dókítà ní ká máa tọ́jú wọn nílé. Màámi nìkan ni wọ́n ń béèrè."

Mo gbọ́ tí ohun kan họ lẹ́bàá fóònù, lẹ́yìn náà ni ohùn Ìyá Ìdóàní jáde, tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ọma mi, sọ fún ìyá ẹ kí wọ́n wá. Mo ṣẹ̀ wọ́n. Mo ṣẹ ìwọ náà. Ẹnu mi ló kó bá mi. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì kí ẹ̀mí mi tó bọ́. Èmi ni ǹ bá wá ulé, ẹsẹ̀ ò gbé mi mọ́."

"Mo gbọ́, Ìyá," ni mo wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà láàárín wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì mi, Ìyá Ìdóàní dìde níwájú àwọn àna mi, wọ́n ní, "Ẹ múra o! Bí ìyá ọmọ yìí ṣe ń fa ọkọ ẹ̀ kiri bí àgbò ni òun náà máa fa tiyín." Àwọn èèyàn wa rẹ́rìn-ín. Àwọn àna mi ò rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn yẹn ni wọ́n fi ń bú mi lójoojúmọ́, bí mo bá ní kí ọkọ mi bá mi gbé omi, wọ́n á ní mo ti ń fà á bí àgbò. Nígbà tí ilé náà tú, màámi ní, "Ṣẹ̀fíátù ló tú ilé ọmọ mi." Wọn ò wọ ilé ara wọn mọ́. Nítorí tèmi ni.

Raheem ò lè pe màámi fúnra rẹ̀. Màámi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn kì í sì í gbé ìpè Ìdóàní látìgbà ìjà yẹn. Nílé wa, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ọmọ la kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún. Ọmọ ni yóò mọ bí òun ṣe máa gbé e kalẹ̀ fún ìyá rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi jìnnà, èmi ni mo wà nílé pẹ̀lú wọn, èmi náà sì ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ náà lè gbà dé etí màámi.

Láti Ọ̀wọ̀ dé Ìdóàní, bí èèyàn bá jẹun àárọ̀ tán kó tó gbéra, á débẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Mo délé nírọ̀lẹ́. Màámi ti kó ẹrù sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tún ti kó o jáde, wọ́n ń tò ó lẹ́ẹ̀kejì.

"Zulai, nínú omi yẹn, báwo la ṣe máa mọ ibi tí Kíbúlà wà bí a bá fẹ́ kírun?"

"Bọ̀dá Mumin á wò ó nínú fóònù."

"Bí ọkọ̀ bá yí ńkọ́, tí mo wà lórí ìrun?"

Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Mo pa ẹnu dé.

Mo mọ màámi. Bí wọ́n bá gbọ́ pé àbúrò wọn dùbúlẹ̀, wọ́n á lọ, wọn ò sì ní kúrò níbẹ̀. Bí Ìyá Ìdóàní bá tún wá kú, ọkọ̀ ti tán nìyẹn. Àyè tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi níbi iṣẹ́ kò ju oṣù yẹn lọ. Mo ronú kan àwọn aláṣọ. Mo ronú kan Cecilia, tó ti ní kí n ya fọ́tò wá fún òun.

Ìbínú ọjọ́ ìgbéyàwó mi sì tún wà nílẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Mo sọ lọ́kàn mi pé, jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀. Ìyà tí ẹnu wọn fi jẹ mí pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ mọ́, mo padà sọ́dọ̀ Ṣèyíọlá.

"Èkejì la máa wọ̀."

Ó wò mí. "Èyí tó gba agbami? Ṣé ẹ ti rò ó dáadáa, ẹ̀gbọ́n?"

"Mo ti rò ó."

Mo ti rò ó lóòótọ́. Ó máa gbéra kí aláìsàn tó kú. Bí aláìsàn bá sì kú, kò sẹ́ni tó lè rí wa bá sọ̀rọ̀. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó rẹwà, pé yàrá rẹ̀ gbòòrò, pé mo ti bá ilé ìdáná wọn sọ ọ̀rọ̀ hàlálì. N kò bá ẹnì kankan sọ nǹkan kan.

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo ti fi í sílẹ̀ fún ẹ."

Raheem tún pè. "Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

"Mo ti sọ."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn ti gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ó tún pè. "Àǹtí, ọ̀nà la ń wò o. Bí ọ̀kadà bá ti dúró níwájú ilé báyìí, Ìyá á ní ká gbé àwọn jókòó, kí Màámi má bá àwọn nílẹ̀."

"Wọ́n ń bọ̀, Raheem."

Nígbà tó pe ìkẹta, mo ti ń ti báàgì pa. Àárẹ̀ ti mú mi, ẹ̀rù sì ń bà mí pé á bá màámi sọ̀rọ̀ lọ́nà kan. Mo fẹ́ kó dákẹ́, kó má pè mọ́.

"Raheem, wọ́n ní àwọn ò wá."

"Wọ́n ní wọn ò wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Inú ṣì ń bí wọn. Má bínú."

"Kí ni kí n wá sọ fún Ìyá báyìí?"

"Sọ òótọ́ fún wọn."

Ẹ gbọ́ mi bí? Òótọ́ ni mo ní kó sọ.

A dé Durban. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ wọkọ̀, bí a ṣe wà lórí ìlà ní èbúté, fóònù mi dún. Raheem ló kọ̀wé ránṣẹ́: "Ìyá ti kú láàárọ̀ yìí. A ó sin wọ́n kí Àsárì tó dé. Ẹ bá wa sọ fún Màámi."

Màámi ń tò níwájú mi, wọ́n di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú, wọ́n ń wo bí ọkọ̀ náà ṣe ga tó. "Mumin, ta ló gbé ilé yìí sórí omi?"

Mo pa fóònù. Mo sọ fún ara mi pé a kì í túfọ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lọ́nà. Ohun tí gbogbo àgbà ń ṣe ni mò ń ṣe, àbí? Mo gba fóònù màámi náà, mo ní kò wúlò lórí omi.

Èébì la fi bẹ̀rẹ̀. Agbami yẹn ò mọ àgbà. Màámi bì títí, wọ́n di etí bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n ń pe orúkọ Ọlọ́run. Nígbà tí ara wọn balẹ̀ tí a lọ jẹun, ẹ̀gbọ́n mi béèrè oúnjẹ wa lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé oúnjẹ.

Ó padà wá, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Wọ́n ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn. Zulai, ṣé o bá wọn sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́ o. Bóyá wọ́n gbàgbé ni."

"Ẹ má jà," ni màámi wí. "Búrẹ́dì ń bẹ, ẹyin ń bẹ. Mo ti jẹ èyí tó burú jù báyìí lọ."

Lọ́jọ́ kẹta, òkun rọ̀. A gbé àga fún màámi sí ìta lókè. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo omi. Ìrísí wọn balẹ̀ débi pé mo ti ń rò ó pé bóyá ohun tí mo ṣe kò burú.

"Mumin," ni wọ́n wí, "omi yìí ti pọ̀ jù fún èèyàn láti máa bínú lórí ẹ̀."

"Ẹ̀n, Màámi?"

"Nígbà tí a wà lọ́mọdé, èmi àti Ṣẹ̀fíátù, a rò pé kò sí omi tó ju odò Ọ̀sẹ́ lọ láyé. Ẹ pè é fún mi. Mo fẹ́ fi èyí hàn án."

Mo sáré dáhùn. "Màámi, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sí níbí."

"Mo lè ra wáìfáì wọn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ó ti wọ́n jù! Ẹ jẹ́ ká délé ná. Ara wọn náà lè má le."

Màámi wò mí. "Ta ló sọ fún ẹ pé ara Ṣẹ̀fíátù ò le?"

"Mo kàn ń sọ ọ́ ni."

"Kí ló dé tí o ò fẹ́ ká pè é?"

"Owó ni mo rò, Màámi."

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń tẹ fóònù rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i bí ẹni fẹ́ bá a wò ó, ó yẹ̀ ẹ́ fún mi. Ó pe Raheem lórí fídíò. Mo ń gbàdúrà kó má lọ. Ó lọ.

Raheem gbé e. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹní kún àgbàlá, àwọn ọkùnrin jókòó pẹ̀lú fìlà funfun, Ààfáà kan ń ka Kùránì.

Màámi rẹ́rìn-ín sí i. "Raheem! Àdúrà kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ tí ẹ ò pè mí sí? Gbé fóònù fún ìyá ẹ."

Raheem kò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wò wọ́n.

Àdúrà ọjọ́ kẹta ni. Ohùn Ààfáà wọlé kedere: "Kí Ọlọ́run ṣàánú Ṣẹ̀fíátù, kí Ó fẹ ibojì rẹ̀, kí Ó dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í." Gbogbo àgbàlá ní àmín.

Ẹ̀rín ò tètè kúrò lójú màámi. Ó pẹ́ lójú wọn, n kò lè wò ó.

"Ṣẹ̀fíátù wo?" ni wọ́n béèrè.

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?" Raheem ti ń sunkún. "A ránṣẹ́ sí yín títí. Ẹ ní ẹ ò wá."

"Ta ló ní mi ò wá?"

"Àǹtí Zulai ni. Mo ti tẹ fóònù kó máa sọ̀rọ̀ síta kí Ìyá lè gbọ́ fúnra wọn. Wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ pé inú ṣì ń bí yín. Látìgbà yẹn, bí ọ̀kadà bá dúró, wọn ò ní ká gbé àwọn jókòó mọ́."

Fóònù náà gé.

"Zulaihat," ni màámi pè mí. Wọn kì í pè é tán bẹ́ẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ sórí pákó ọkọ̀ níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ni mo rò. Mo rí i lójú wọn pé wọn ò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Wọ́n dìde, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ máa ń jókòó sí, àwa méjèèjì ń sáré tẹ̀ lé wọn. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

"Mumin, sọ fún un kí wọ́n dúró. Mo fẹ́ sọ̀."

"Màámi, wọn ò lè dúró níbí. Àárín òkun la wà."

"Ọkọ̀ wo ni kì í dúró fún èrò? Sọ fún dírẹ́bà pé mo lókùú nílẹ̀!" Wọ́n wá pariwo, bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ gbé kọjá ilé rẹ̀, "Ó wà o! Ó wà o! Mo ní ó wà!"

Àwọn òyìnbó dúró, wọ́n ń wò. Ẹ̀gbọ́n mi gbá wọn mọ́ra títí ohùn wọn fi wọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi láti òkè orí wọn.

"Ìdí tí o fi yan ọkọ̀ yìí nìyẹn?"

N kò lè purọ́ mọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo ní kí o yan èyí tó dára fún Màámi," ni ó wí. Kò gbé ọwọ́ sókè. Ì bá sàn fún mi bó bá gbá mi létí.

Ọjọ́ tó kù lórí omi, ẹ má bi mí. Màámi kọ ojú sí ògiri, wọ́n ń fa tẹ̀súbáà, wọn ò jẹ, wọn ò mu àfi omi. Ẹ̀gbọ́n mi ń wá sẹ́nu ọ̀nà, á wò wọ́n, á tún lọ. Èmi ń lọ dúró lẹ́bàá irin tó yí òkè ọkọ̀ ká, mò ń wo ìsàlẹ̀. Ọjọ́ kan mo dúró pẹ́ débi pé obìnrin òṣìṣẹ́ kan wá mú mi lápá, ó sì mú mi padà sínú. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Kí Ọlọ́run san án fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo mọ̀ pé nílé yín náà ẹ máa ń ní, "Ẹ má tíì sọ fún Màmá." Èmi náà gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pa ẹnu mọ́, ẹ bi ara yín ta lẹ ń ṣe é fún. Mo ti lo àṣà wa bo ìfẹ́ inú mi, ó sì bò ó dáadáa títí ọ̀rọ̀ fi bàjẹ́.

Nígbà tí a padà, Màámi ò jẹ́ ká yà sí Ọ̀wọ̀. Ìdóàní la lọ tààrà. Àwọn obìnrin ilé rí wa, wọ́n dìde kúrò lórí ẹní, kò sẹ́ni tó kí wa. Màámi ní kí wọ́n pe gbogbo wọn jọ. Wọ́n ní kí n jókòó sílẹ̀ láàárín, kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ọkọ̀ méjèèjì, mo sọ ìdí tí mo fi yí i padà, mo sọ gbogbo ohun tí mo wí fún Raheem lórí fóònù. Raheem jáde kí n tó parí.

Màámi wọ yàrá àbúrò wọn lọ, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin, n kò mọ ohun tí mò ń ṣe.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Mo ti foríjì ẹ́. Ọmọ mi ni ẹ́, kí ni mo fẹ́ ṣe? Àwọn ará ilé yìí náà ti wá gbọ́ pé mi ò kọ̀."

Wọ́n fi ọwọ́ pa orí bẹ́ẹ̀dì náà.

"Ta la máa wá rán sí Ṣẹ̀fíátù, kó lọ sọ ọ́ fún un?"

Mo rò pé wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń dúró kí n dárúkọ ẹni náà.